Sọ Arúgbó Di Ọmọdé

[Fóònù ń dún. Wọ́n gbé e.]

OLÙKỌ́: Hẹ̀ló?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹ káàsán mà. Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú pé mo—

OLÙKỌ́: Ta nìyẹn?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni mà. Kọ́ọ̀sì ìtàn àròsọ, ewì àti eré oníṣe, ti ọdún kìíní.

OLÙKỌ́: Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ kún gbọ̀ngàn yẹn bí eéṣú ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Èwo nínú yín?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Èmi tí ẹ máa ń pè ní Onígíláàsì mà. Mo máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

OLÙKỌ́: Áà, Onígíláàsì! Ó dáa. Bó bá jẹ́ torí eré oníṣe tí o kò tíì mú wá lo fi pè, gbọ́ mi kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Mi ò sún ọjọ́ náà síwájú. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí nìkan, ìyá àgbà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tó ti kú á kún ọkọ̀ akérò kan.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ìyá àgbà tèmi ò kú mà.

OLÙKỌ́: A dúpẹ́. Ìwọ ni olóòótọ́ àkọ́kọ́.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ma, ìtàn tí mo kọ, èyí tí ẹ gbà lọ́wọ́ wa ká tó bọ́ sórí ewì—

OLÙKỌ́: "Àlàfo Abẹ́ Ilẹ̀kùn." Mo rántí rẹ̀ dáadáa.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ta lẹ fi hàn mà?

[Àga ń han.]

OLÙKỌ́: Kí ló mú ìbéèrè yẹn wá?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹ ṣáà dá mi lóhùn, mo bẹ̀ yín. Ta lẹ— [ìdíwọ́] —fún? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OLÙKỌ́: Ohùn rẹ ń já. Ibo lo wà? Kí ló dé tí ò ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ilé wa ni mo wà mà, ní kọ́ríìdọ̀. Àwọn wà ní pálọ̀.

OLÙKỌ́: Àwọn wo?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Àwọn wẹ́fíà. Àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Ìtàn mi wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, Ma. Òun gan-an ni. Mo rí bíírò pupa yín létí ẹ̀.

OLÙKỌ́: Wọ́n ti dé ilé yín? Ọ́fíìsì ìtọ́jú akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fún. Wọ́n ṣèlérí fún mi pé àwọn á kọ́kọ́ pè ọ́, ẹ ó jókòó sọ̀rọ̀, kí wọ́n tó gbé ìgbésẹ̀ kankan. Ṣé wọn ò pè ọ́ ni?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Mo kàn ń fọ abọ́ ni, wọ́n kan géètì. Wọ́n ti di ọwọ́ Kékeré mú. Àbúrò mi. Wọ́n ní àwọn ń mú un lọ.

OLÙKỌ́: Olúwa mi. Bàbá yín ńkọ́?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Wọ́n wà níbi iṣẹ́. Ilé búrẹ́dì. Wọn kì í jẹ́ kí wọ́n mú fóònù dé ìdí ààrò. Mo ti pè, mo ti pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Ma, ẹ jọ̀ọ́, kí n gbé fóònù fún ọkùnrin náà, kí ẹ sọ fún un pé àròsọ ni. Gbólóhùn kan péré. Wọ́n á gbọ́ tiyín. Ọ̀jọ̀gbọ́n ni yín.

OLÙKỌ́: Dúró ná.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Kò sáyè ìdúró mà!

OLÙKỌ́: Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀kan. Ṣé àròsọ ni lóòótọ́?

[Ọmọdé kan ń sunkún lókèèrè.]

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹ̀yin lẹ sọ pé a kì í béèrè bẹ́ẹ̀.

OLÙKỌ́: Onígíláàsì—

ONÍGÍLÁÀSÌ: Kíláàsì àkọ́kọ́ gan-an. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó pé ẹni tó ń sọ "èmi" nínú ìtàn kì í ṣe òǹkọ̀wé. Ẹ ní ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀ ti fìdí rẹmi. Ẹ gba máàkì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi torí ẹ̀!

OLÙKỌ́: Mo gbà á, bó bá sì tún dà wọ́n pọ̀ lọ́la, màá tún gbà á. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ìwé ni òfin yẹn kọ́ wa. Kò kọ́ wa bí a ti ń gbójú kúrò lára ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé. Bí mo bá kà pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ láràárọ̀, tí mo fún un ní máàkì, tí mo pa ìwé dé, tó wá di pé òótọ́ ni, kí ni n ó wí? Pé mo kọ́ ìmọ̀ lítíréṣọ̀?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Kò sọ́mọ kankan tí wọ́n tì mọ́lé níbí!

OLÙKỌ́: Gbólóhùn kan wà níbẹ̀. "Mo mọ bàtà bàbá mi ju ojú wọn lọ." Ọmọ tó ń wo ayé láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ti ń ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tipẹ́, ojú mi mọ èyí tí wọ́n hùmọ̀. Ẹnikẹ́ni ò hùmọ̀ ìyẹn. Òun ni ò jẹ́ kí oorun kùn mí.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ma—

[Ilẹ̀kùn. Ìró ẹsẹ̀.]

WẸ́FÍÀ: Sisí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Mo ní kó o wá kọ́kọ́rọ́, o wá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Olùkọ́ mi ni, sir. Àwọn ló ni kọ́ọ̀sì náà. Please, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Fiction ni, sir. Wọ́n á ṣàlàyé.

WẸ́FÍÀ: Mú un wá. Hẹ̀ló?

OLÙKỌ́: Ẹ káàsán, sà. Èmi ni olùkọ́ tó fi—

WẸ́FÍÀ: Madam, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ pè wá.

OLÙKỌ́: Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo pè gan-an. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìtàn yẹn, iṣẹ́ kíláàsì ni. Ìwé lè dá lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láì jẹ́ ẹ̀rí pé ó ṣẹlẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín—

WẸ́FÍÀ: Ẹ gbọ́ mi, Madam. Mi ò sí ní kíláàsì yín. Ìtàn yìí ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé wà ní ìparí kọ́ríìdọ̀. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ló wà níwájú mi yìí. Ó ní àgádágodo wà níta ẹ̀. Mo di àgádágodo mú báyìí. Ṣé àgádágodo náà ń kọ́ lítíréṣọ̀ ni?

OLÙKỌ́: Mo gbọ́ yín. Àmọ́ ṣé ẹ ti bi ọmọ náà fúnra rẹ̀?

WẸ́FÍÀ: Ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá ti dẹ́rù bà ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yìí ò sì gbà láti ṣí ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò ní nǹkan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kí ló ń fi pamọ́? Madam, ẹ ò lè ju òkúta tán, kẹ́ ẹ tún máa ní kó padà bọ̀ sọ́wọ́ yín.

OLÙKỌ́: Òótọ́ lẹ sọ. Ẹ ṣe mí lóore kan. Ẹ dá fóònù padà fún un. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo tọrọ.

WẸ́FÍÀ: Obìnrin tá a jọ wá ti ń mú ọmọ lọ sínú ọkọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti tán. Gbà.

[Fóònù ń pààrọ̀ ọwọ́.]

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ṣé ẹ ti sọ fún un?

OLÙKỌ́: Mo sọ ọ́. Àgádágodo ló fi dá mi lóhùn. Kí ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn, Onígíláàsì?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹrù ni.

OLÙKỌ́: Ẹrù wo?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹrù ilé. Àpótí. Ma, Kékeré ń— [ìdíwọ́] —orúkọ mi ló ń pè. Ẹ sọ fún un pé—

OLÙKỌ́: Mi ò gbọ́. Ṣé o gbọ́ mi? Onígíláàsì, ṣé o gbọ́ mi?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Mò ń gbọ́.

[Ìró: nǹkan ń kan ilẹ̀kùn láti inú, jẹ́jẹ́, léraléra.]

OLÙKỌ́: Kí nìyẹn?

WẸ́FÍÀ [lókèèrè]: Hẹ̀n-ẹ́n! Mo mọ̀! Ọmọ mìíràn wà níbẹ̀! Sisí, kọ́kọ́rọ́ dà? Bí o kò bá mú un wá, mo ń fi ẹsẹ̀ já ilẹ̀kùn yìí!

ONÍGÍLÁÀSÌ: Kì í ṣe ọmọ! Ẹ má fọ́ ọ, sir, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa dẹ́rù bà wọ́n! Ma... Ma, ìyá àgbà mi ni.

OLÙKỌ́: Ta ni?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ìyá tó bí bàbá mi. Iyè wọn ti ra. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí sílẹ̀ báyìí, ojú títì ni wọ́n ń lọ. Wọ́n á ní àwọn ń lọ wá àbúrò àwọn. Àbúrò ọ̀hún ti kú kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n ti bá wọn láàárín ọkọ̀ ajagbé rí, pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Láti ìgbà yẹn ni bàbá mi ti ń ti ilẹ̀kùn bí wọ́n bá ń lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀.

OLÙKỌ́: Ọmọ ló wà nínú ìtàn tí mo kà.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́.

OLÙKỌ́: Kí lo kọ́kọ́ kọ?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Arúgbó ni mo kọ. Ìyá, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sí etí ìwé mi. "Arúgbó kò tó. Àánú rẹ̀ kò tíì gún òǹkàwé lọ́kàn. Sọ arúgbó di ọmọdé, kí o wo bí yóò ti rí." Mo sọ ọ́ di ọmọdé. Ẹ fún mi ní máàkì tó ga jù ní kíláàsì.

[Wọ́n ń ṣí ìwé lórí tábìlì.]

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ma? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

OLÙKỌ́: Mo gbọ́. Mo kọ ọ́. Mo ti gbàgbé pé mo kọ ọ́.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Gbólóhùn tó ń dà yín láàmú yẹn, kì í ṣe èmi ni mo hùmọ̀ ẹ̀. Ìyá àgbà ló sọ ọ́. "Mo mọ bàtà ọmọ yìí ju ojú rẹ̀ lọ." Wọ́n ti gbàgbé ojú bàbá mi, Ma. Bí bàbá mi bá wọlé, ilẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò.

OLÙKỌ́: Kí ló dé tó o ò sọ fún ọkùnrin náà?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Wọ́n á gbé wọn lọ! Wọ́n á ní a ti arúgbó mọ́lé, ìwà ìkà ni, wọ́n á gbé wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó. Bàbá mi ti ṣèlérí fún wọn nígbà tí iyè wọn ṣì wà pé kò ní ṣẹlẹ̀. Torí ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀ yín. Bí ẹ bá ti sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀—

OLÙKỌ́: Ilẹ̀kùn ń dún, ọmọ mi. Mi ò lè pe ilẹ̀kùn tó ń dún ní irọ́.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹ gbìyànjú!

OLÙKỌ́: Gbọ́ mi. Bí o bá dákẹ́, Kékeré ni wọ́n ń gbé lọ nísinsìnyí, nínú ọkọ̀ yẹn. Bí o bá sọ òótọ́, wọ́n lè gbé ìyá àgbà, wọ́n sì lè má gbé wọn. Èkíní dájú, èkejì kò dájú. Láàárín ohun tó dájú àti ohun tó ṣeé jà fún, èwo lo fẹ́?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹ̀yin ò gbé nínú ilé yìí. Ẹnu yín dùn ni.

OLÙKỌ́: Bẹ́ẹ̀ ni. Fún un ní fóònù.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ma, ẹ má sọ—

OLÙKỌ́: Fún un, kó tó fọ́ ilẹ̀kùn.

[Fóònù ń pààrọ̀ ọwọ́. Onígíláàsì ń sunkún.]

WẸ́FÍÀ: Madam, ẹ yára.

OLÙKỌ́: Arúgbó ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn. Ìyá bàbá wọn. Aláìlera ni, iyè rẹ̀ ti lọ, kó má bàa bọ́ sójú títì ni wọ́n ṣe ń tì í mọ́lé. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kọ ìtàn lé lórí. Èmi ni mo ní kó sọ ọ́ di ọmọdé, torí mo rò pé yóò dùn kà. Èmi kan náà ni mo wá gba ọmọ tí mo fi sínú ìtàn gbọ́, tí mo fi ìwé náà ṣọwọ́. Àṣìṣe yìí, orí mi ló wà láti òkè délẹ̀. Ẹ tú Kékeré sílẹ̀.

WẸ́FÍÀ: Ẹ ní kí ni?

OLÙKỌ́: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Mo ní— [ìdíwọ́] —ọwọ́ mi. Èmi ló—

WẸ́FÍÀ: Mo gbọ́. Ẹ̀yin onímọ̀ ìwé! Arúgbó ò dùn kà, ẹ wá sọ ọ́ dọmọ. [Ó pariwo sí obìnrin tó wà nínú ọkọ̀] Ìyá! Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀! Mo ní ẹ jẹ́ kó sọ̀! [Sí fóònù] Madam, ọmọ náà ń padà wọlé. Ọ̀rọ̀ arúgbó kì í ṣe ẹ̀ka tiwa. Àmọ́ mo ti gbọ́, ojú mi sì máa rí i. Mi ò lè lọ kọ ọ́ pé mi ò rí nǹkan kan. Sisí, ṣílẹ̀kùn.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Sir, ẹ kọ́kọ́ ti géètì. Ẹ̀yin lẹ ṣí i sílẹ̀. Ẹ lọ tì í ná—

WẸ́FÍÀ: Ṣílẹ̀kùn, mo ní.

[Fóònù ń pààrọ̀ ọwọ́. Kọ́kọ́rọ́. Àgádágodo ń bọ́. Ilẹ̀kùn ń han.]

ÌYÁ ÀGBÀ [lókèèrè]: Ẹ káàbọ̀ o. Ta ni gbogbo yín? Bàtà ta nìyí?

WẸ́FÍÀ [lókèèrè]: Ẹ kúulé, Mama. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ n—

ÌYÁ ÀGBÀ [lókèèrè]: Mi ò mọ bàtà yìí. Ẹ ṣí lọ́nà.

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ìyá àgbà, èmi ni! Ẹ dúró! Sir, ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n, wọ́n á sáré! Kékeré, ti géètì! Ti géè— Ma! Wọ́n ti kọjá lára ẹ̀!

OLÙKỌ́: Ṣé wọ́n ti jáde?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Mò ń tẹ̀lé wọn. Wọn ò gbọ́ tèmi. Ọmọ ni mí lójú wọn, ọmọ tí wọn ò mọ̀. Àbúrò wọn ni wọ́n ń wá. Ma, ohùn yín jọ ti àgbà obìnrin. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ sọ pé ẹ̀yin ni.

OLÙKỌ́: Pé èmi ni ta?

ONÍGÍLÁÀSÌ: Àbúrò wọn!

OLÙKỌ́: Mi ò mọ bí ó ti ń sọ̀rọ̀. Mi ò mọ orúkọ tó ń pè wọ́n. Mi ò—

ONÍGÍLÁÀSÌ: Ẹ ṣáà sọ ọ́! Ìyá àgbà, ẹ gbà. Àbúrò yín ló wà lórí ẹ̀. Ẹ gbé e sétí. Báyìí.

[Ariwo ọkọ̀. Èémí.]

ÌYÁ ÀGBÀ: Ta ni?

OLÙKỌ́: Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìwọ ta ni?

OLÙKỌ́: Àbúrò yín ni mà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Irọ́ ni. Àbúrò mi kì í pè mí ní "mà". Ọ̀yájú ni.

OLÙKỌ́: Ẹ má bínú. Ayé ló kọ́ mi níwà. Ó pẹ́ tá a ti ríra.

ÌYÁ ÀGBÀ: [ẹ̀rín] Ó kọ́ ẹ níwà! Ó kù díẹ̀ káàtó. Ibo lo wà? Mò ń bọ̀ wá pàdé ẹ.

[Fèrè ọkọ̀ ńlá. Bàtà ń wọ́ nílẹ̀.]

ONÍGÍLÁÀSÌ [lókèèrè]: Ma, wọ́n ń yára sí i! Ẹ dá wọn dúró!

OLÙKỌ́: Rárá! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má wá. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Èmi ni mò ń bọ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìwọ lò ń bọ̀?

OLÙKỌ́: Èmi ni.

ÌYÁ ÀGBÀ: Bó o ṣe sọ nìyẹn. Mo jókòó, mo jókòó. O ò wá.

OLÙKỌ́: Mo mọ̀. [Dúrọ́ọ̀ ń ṣí. Kọ́kọ́rọ́ ń dún.] Mo ti dìde. Mò ń jáde ní ọ́fíìsì. Ẹ yíjú padà sí ilé. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn yín, onígíláàsì. Ẹ fún un lọ́wọ́ kó mú yín lọ síbi àga. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÌYÁ ÀGBÀ: Mo gbọ́. Etí mi ò dùn mí.

OLÙKỌ́: Ẹ ti fún un lọ́wọ́?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ọwọ́ ẹ̀ tutù. Ó ń sunkún. Ta ló nà án?

OLÙKỌ́: Ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ jọ máa lọ jókòó. Mo ti dé ìdí ọkọ̀ mi.

ÌYÁ ÀGBÀ: Màá jókòó. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan wà nínú ilé, mi ò mọ bàtà ẹ̀. Bí wọ́n bá gbé mi kúrò níbẹ̀ kó o tó dé, báwo lo ṣe máa rí mi?

OLÙKỌ́: Wọn ò ní gbé yín. Ẹ sọ fún un pé àbúrò yín ní kó dúró de òun, pé mo—

[Ìpè já.]